Ẹni Tó Dá Ẹgbẹ́ Họ́kì Oníyìnyín Uwani Sílẹ̀

Ní ìlú àwọn tí òtútù ti ń pa, orí yìnyín ni àwọn ọmọ máa ń dúró sí, wọ́n á wá fi ọ̀pá gbá rọ́bà kiri. Ní Uwani, ní Enugu níbí, orí sìmẹ́ǹtì ni àwọn ọmọ tiwa máa ń dúró sí, yìnyín gan-an ni wọ́n sì ń gbá. Ẹni tó bá ní tiwa kì í ṣe họ́kì oníyìnyín, kó wá fi ibi tí yìnyín kò ti sí nínú ọ̀rọ̀ náà hàn wá. Ẹgbẹ́ Họ́kì Oníyìnyín Uwani, Ẹ̀ka Ọmọdé, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún yìí. Ẹ̀ka àgbà kò tíì sí, nítorí pé ọmọ tó bá ti dàgbà débi tó ń ro ti eékún ara rẹ̀, á fi eré náà sílẹ̀ ni.

Òfin eré náà kò pọ̀. Inú ìdí agolo mílíìkì ni wọ́n ti máa ń mú omi dì. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, roboto, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ni wọ́n ń pè ní ọmọ yìnyín. Òun ni bọ́ọ̀lù. Sílípáàsì balùwẹ̀ ni bàtà, igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ nídìí ni ọ̀pá. Pápá wọn ni ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ekene, lẹ́yìn Kenyatta Market, tí wọ́n ti da omi rin dáadáa. Kò sí aago. Eré parí nígbà tí ọmọ yìnyín bá ti yọ́ débi tí rẹfirí lè jù ú sẹ́nu, Ìyá Ekene náà sì ni rẹfirí. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, eré kan lè gba ààbọ̀ wákàtí. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹgbẹ́ tó bá fi àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ falẹ̀ lè bá rẹfirí níbi tó ti ń lá ẹnu.

Àwọn ọmọ àdúgbò Coal Camp, ọ̀tá wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ló jẹ́ ká ní òfin kẹrin. Wọ́n ti fi góòlù kan ṣáájú wa lọ́jọ́ kan, ni Nnamdi, aṣọ́lé wọn, bá jókòó lé ọmọ yìnyín lórí, kò sì dìde mọ́. "My leg dey pain me," ló ń wí, pẹ̀lú ojú àánú, títí omi fi ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti kọ ọ́ sí ara ògiri pé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìdí yọ́ bọ́ọ̀lù.

Josephine ni orúkọ Ìyá Ekene. Ọmọ Ìkìrun ni, Chukwudi tó ń tún mọ́tò ṣe ní Coal Camp ló fẹ́ ẹ, yìnyín ló sì ń tà. Kò sí ayẹyẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni a ti ń ra ohun tí a fi ń mú mọ́ọ̀tì tutù. Bó ṣe di pé eré bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyí.

Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà Ìkórè, wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni Julius Adéjùwọ́n ṣe alága ìgbìmọ̀ nǹkan mímu. Ọmọ Ọ̀fà ni, bàbá Ẹwàolúwa, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Enugu. Àwọn alága ìgbìmọ̀ mìíràn rán ènìyàn níṣẹ́. Òun, ó ní ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń dára. Ó wọ aṣọ funfun gbòò, ó wọ bàtà tuntun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi awo, ó sì wá gbé yìnyín. Josephine ní kó jẹ́ kí oníbárò bá a gbé e. Ọ̀gbẹ́ni Julius ní ọkùnrin tó ń darí odindi ẹ̀ka ọ́fíìsì, ṣé yìnyín ni kò wá ní lè darí? Ó gbé e lé èjìká. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì kò dúró de àṣẹ. Ariwo tó tẹ̀lé e, wọ́n gbọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn alátà. Yìnyín fọ́ yángá, ó sá káàkiri ilẹ̀ tútù náà, àwọn ọmọ tó wà nítòsí sì fa igi ìgbálẹ̀ yọ, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Julius dìde, ó kígbe pé, "Ta ló da omi síbí?" Nínú ṣọ́ọ̀bù yìnyín. Ó wá pe àwọn ọmọ náà ní ẹran tí kò ní olùṣọ́, ó sì lọ. Mọ́ọ̀tì gbígbóná la mu ní Ìkórè ọdún náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ yẹn padà wá, wọ́n ní kí Ìyá Ekene fún àwọn ní yìnyín díẹ̀ sí i.

Fún ọdún márùn-ún gbáko, Ọ̀gbẹ́ni Julius kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà. Ọjọ́ tí oníwèé ìròyìn kan wá ya fọ́tò wọn ló mọ̀. Nínú fọ́tò náà, àárín ló wà, ó na ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí bíi Mósè. A fi í jẹ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Josephine ní oyè náà tọ́ sí i, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kúkú ti bá a.

Oyè bàbá ìsàlẹ̀ ì bá tó o, bí kò bá ṣe pé ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé. Ó ku oṣù kan péré tí yóò padà sí Ọ̀fà, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Tiwátọ́pẹ́, wà. Ọkùnrin yìí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó gbẹ́ kànga méjì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní gbogbo Kérésìmesì, lójú ẹbí, á wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, á ní, "Julius, kí ni wọ́n ní o ń ṣe lọ́hùn-ún gan-an?" Julius á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fáìlì. Kí ó tó dé ìdajì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Àsìkò náà gan-an ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ìdílé Yorùbá ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká tẹ ìtàn ẹgbẹ́ họ́kì sínú ìwé kékeré fún ọdún kẹwàá. Arábìnrin Olúbísí, tíṣà, akọ̀wé wa, ni wọ́n gbé e fún. Òfin wa ni pé Yorùbá ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ohunkóhun tí a bá tẹ̀, àní bí kò bá tilẹ̀ sí ọmọ kan tó lè kà á.

Ọ̀gbẹ́ni Julius bá a nílé lọ́sàn-án Sátidé.

"Tíṣà, ẹ ti dé ibi ìpilẹ̀ṣẹ̀?"

"Mo ti kọjá ibẹ̀, sà. Mo kọ ọ́ pé, 'Ní ọjọ́ Ìkórè, yìnyín kan já bọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ekene.'"

"Já bọ́. Láti ibo? Láti ọ̀run?"

"Láti èjìká yín, sà. Mo ń bo yín láṣìírí ni."

"Ta ló ní kí ẹ bò mí? Ẹ dárúkọ mi! Ṣùgbọ́n kí ẹ dárúkọ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dárúkọ ọmọlúàbí. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni olùdásílẹ̀."

Olúbísí yọ gíláàsì rẹ̀. "Ìyá Ekene ńkọ́, sà?"

"Ìyá Ekene ló ni ilẹ̀. Ṣé ẹni tó ni ilẹ̀ ló kọ́lé?"

"Ó dára. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá a sọ ọ́ fúnra yín. Bó bá gbọ́ ọ lójijì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà mọ ẹnu rẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ajé ló lọ. Josephine ń fi ayùn rẹ́ búlọ́ọ̀kù kan sí méjì. Ọ̀gbẹ́ni Julius dúró sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún mẹ́wàá, kò tíì rékọjá ibẹ̀.

"Ìyá Ekene, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ẹwà. Ẹ wọlé. Ẹ rọra o, ilẹ̀ tutù."

"Ibi tí mo wà yìí dára." Ó wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn yẹn ni. Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa mi. Olùdásílẹ̀."

"Kí ni ẹ dá sílẹ̀?"

"Ẹgbẹ́."

Ó gbé ayùn sílẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín, nítorí pé irin ni ayùn, ẹ̀rín náà sì pọ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ẹran tí kò ní olùṣọ́?"

"Ìbáwí ni. Kò sí olùdásílẹ̀ tí kì í báni wí."

"Áà! Bàbá Ẹwà!"

Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀, ó mú fìlà dání. Ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀ ni mo ń lọ. Ọdún méjìlélógún, Ìyá Ekene. Ìwé tí mo ti fọwọ́ sí níbí kò níye. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni máa kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ mú èyí tí wọ́n máa kà délé. Ẹyọ kan ni mo ń tọrọ."

Josephine nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Mi ò ní ta kò yín. Kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nínú ilé Ọlọ́run, ẹ mọ̀ pé mi ò ní purọ́."

"Ta ló máa bi yín?"

"Ọlọ́run mọ̀," ni Josephine wí, ó sì mú ayùn rẹ̀.

Olúbísí kọ ìtàn náà, ó fi àmì ohùn sí i lórí, ó fi àmì sí i lábẹ́, kò fo ẹyọ kan. Ó gbé e lọ fún atẹ̀wé kan nítòsí ọjà, igba ẹ̀dà. Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni iṣẹ́ tó jáde. Atẹ̀wé náà, ọmọ jẹ́jẹ́, ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Madam, I don clean am for you well well," ló wí. "Plenty dirt dey on top the letters, e dey under too. Your printer dey pour ink. Na so I sit down, I dey comot am one by one."

Olúbísí ṣí ìwé. Ojú ìwé mọ́ tónítóní. Kò sí àmì kan lórí lẹ́tà, kò sí ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù. Ó tu ara rẹ̀ nínú: ó ṣáà ti kọ́ Ekene, tó máa kà á fún ìjọ, ní kíkà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láti inú èyí tó ní àmì; ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá Ekene, balógun ẹgbẹ́, tó fi ọ̀já wé ọ̀fun. Wọ́n ti na Coal Camp lánàá, mẹ́ta sí òdo, ó sì ti kígbe títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa àga lórí ilẹ̀.

"Kò burú," ni Ọ̀gbẹ́ni Julius wí, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹwàolúwa á kà á."

Ọmọ rẹ̀ ni Ẹwàolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, aṣọ́lé ẹgbẹ́. Philomena, ìyá rẹ̀, ọmọ Udi, mọ Yorùbá débi tó fi lè bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn, kó sì borí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìnì ló fi ń lá àlá. Yorùbá tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń pàṣẹ nínú ilé lọ: wá jẹun, pa iná, má dà á sílẹ̀.

"Daddy Ẹwà," ni Philomena wí, "ọmọ yìí kò ka ìwé yìí rí o."

"Ohun tí wọ́n bá kọ ni kó kà. Ẹwà, you hear? Read exactly what they wrote."

Gbọ̀ngàn kún. Pásítọ̀ wa tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Abẹ́òkúta, jókòó níwájú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní ìlà méjì pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ọ̀gbẹ́ni Julius kò jókòó dáadáa. Ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Josephine wà lẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹwàolúwa ṣí ìwé. Ó wo lẹ́tà aláìlámì náà bí ẹni ń wo odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Ó bọ́ sínú rẹ̀.

"Ìtàn Ègbé Wa," ló kà.

Pásítọ̀ gbé orí sókè. Olúbísí di ojú.

"Ègbé yìí ti pé ọdún mẹ́wàá. Ègbé yìí ń ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́..."

"Ẹgbẹ́!" ni Olúbísí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ-gbẹ́!"

"Sorry, ma. Ẹgbẹ́." Ó yí ojú ìwé. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, èyí tí bàbá rẹ̀ ti ń retí láti ọjọ́ Sátidé yẹn: *Ogbeni Julius Adejuwon ni oludasile*. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ tàn. Ó rí ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ó sì kà á sókè, kedere, pẹ̀lú ìgboyà:

"Ọ̀gbẹ́ni Julius Adéjùwọ́n ni olùdàsílẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́, ó wá dé àárín, ó di ariwo ńlá.

Ọ̀gbẹ́ni Julius ti wà lórí ìdúró. "Dá! Dá sílẹ̀! Òkè ni ohùn náà ń lọ! Òkè!"

"Daddy, no mark dey am. You say make I read wetin dem write."

"Kí ló dà sílẹ̀?" ni Pásítọ̀ bèèrè. Àlejò ni, kò mọ̀. Ó bèèrè tinútinú. Gbogbo orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí apá fèrèsé.

Josephine dìde. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Julius, ọkùnrin náà sì ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Julius fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, díẹ̀ báyìí. Josephine mí kanlẹ̀.

"Pásítọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ bi mí. Ọmọ yẹn kà á dáadáa. Búlọ́ọ̀kù yìnyín kan ni. Bàbá Ẹwà gbé e lé èjìká, wọ́n fi bàtà dídán tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì ṣubú. Yìnyín fọ́. Àwọn ọmọ gbá a. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń gbá a. Bí Bàbá Ẹwà ò bá dà á sílẹ̀ ni, kò ní sí ẹgbẹ́ kankan."

Ẹ̀rín bo ilé. Ọ̀gbẹ́ni Julius rí i pé ìgbà ti tó láti sẹ́. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀: irọ́ ni, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó bá ṣèèṣì wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò ó. Ọdún márùn-ún ló ti ń jókòó sáàárín fọ́tò wọn, wọn kò wò ó báyìí rí. Ekene pàápàá, tó rántí pé aṣọ funfun kan fò kọjá lójú òun lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ti fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"So na you?" ló wí, pẹ̀lú ohùn àga wíwọ́ yẹn. "You carry one whole block for shoulder?"

Ọ̀gbẹ́ni Julius pa ẹnu dé. Ó tún aṣọ ṣe lọ́rùn.

"Ọ̀kan kẹ̀?" ló wí. "Méjì ni."

Ó na apá méjèèjì, ó ń fi hàn wọ́n.

"Ọ̀kan lórí èjìká, ọ̀kan lábẹ́ apá. Ìyá Ekene wà níbẹ̀."

Gbogbo orí tún yí sí fèrèsé. Ilé Ọlọ́run ṣáà ni. Josephine wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Ó lè jẹ́ méjì," ló wí níkẹyìn. "Bàtà yín ni mo ń wò nígbà yẹn."

Àwọn ọmọ lu ọ̀pá mọ́lẹ̀ gbà-gbà-gbà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá gbá góòlù wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Julius rọra jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé oúnjẹ jáde, ó ti ń fi àga ìjókòó ṣàpèjúwe bí búlọ́ọ̀kù náà ṣe tóbi tó fún Pásítọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀fà kì í ṣe Enugu. Ní alẹ́, nígbà tí orí rẹ̀ tutù, ó pe Olúbísí lórí fóònù. Ó ní èyí tó máa wà ní Enugu, wọ́n lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù fi ohùn tó bá wù ú kà á. Ṣùgbọ́n ogójì ẹ̀dà wà tó máa lọ sílé ṣáájú òun, kí wọ́n fi bírò fi àmì òkè sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, kí ó má baà sí àṣìṣe. Olúbísí ní ọwọ́ òun ti kún. Ọ̀gbẹ́ni Julius bá gbé iṣẹ́ náà fún Ẹwàolúwa. Ó ṣàlàyé fún un dáadáa: "Lórí *a* yẹn, Ẹwà. Fi ìlà kékeré kan sí i. Ìlà kan péré."

Ẹwàolúwa fi ìlà kan sí i. Ogójì ìlà, wọ́n gún régé, wọ́n mọ́. Bàbá rẹ̀ kò sọ apá ibi tí ìlà náà máa dojú kọ, òun náà kò bèèrè. Ó ronú sí ohun tí Màmá Ekene sọ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun kà á dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń kó ẹrù sínú páálí nígbà tí fóònù dún. Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Julius tẹ fóònù náà kí ohùn jáde, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yìn ín.

"Julius."

"Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gba ìwé yín. Mo ti pín in fún gbogbo ẹbí, a ti kà á. Kí lo dà sílẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Julius yíjú wo Ẹwàolúwa. Ẹwàolúwa rẹ́rìn-ín sí i, ó na àtàǹpàkò sókè. Philomena fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti tún ṣe: àṣìṣe bírò ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á sókè. Ó mú fóònù náà sún mọ́ ẹnu.

"Julius, mo ní kí lo dà sílẹ̀? Ìyàwó Tiwátọ́pẹ́ ní epo ni. Àwọn ọmọ ní owó ìjọba ni. Sọ fún mi, a ò sùn dáadáa."

Kò sí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́ yí fóònù ká, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ.

Ó wá ibi jókòó. Ó jókòó sórí páálí ìwé tó kún jù.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé ẹ ti jókòó?"

"Mo ti jókòó."

"Búlọ́ọ̀kù yìnyín mẹ́rin ni."

"Mẹ́rin!" ni Bàbá Tiwátọ́pẹ́ wí. Ó yí ohùn padà, ó ń bá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí: "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Ó tún padà. "Ìwọ nìkan lo gbé e?"

"Èmi nìkan," ni Ọ̀gbẹ́ni Julius wí. Philomena rọra ti páálí kan sún mọ́ ògiri, ó sì jókòó láti gbọ́ ọ.